Ta Ló Dá Ihò Sídìí Ife?

Inú ife rọ́bà tuntun ni wọ́n bu omi sí fún Ìyá Kí-Ló-Fà-Á, kó sì tó gbé e dẹ́nu, ìdajì omi náà ti wà lórí itan rẹ̀. Ó wo itan rẹ̀, ó wo ìdí ife, ó wá wo Bàbá Onífe, ọkùnrin tó ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ife ọ̀hún, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi fún un.

"Bàbá," ó ní, "ẹjọ́ tí ẹ tìtorí ẹ̀ pè wá ti ń ro ara ẹ̀ o."

"Ẹ ò rí i?" Bàbá Onífe pariwo. Ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì tún ń dùn pé ẹ̀rí ti yọjú fúnra rẹ̀. "Ohun tójú mi ń rí nìyẹn! Ọ̀kan lára èyí tí ṣọ́ọ̀bù dá padà ni mo ṣèèṣì bu omi sí. Ife mi ń jò káàkiri bí asẹ́!"

Sájẹ́ǹtì tó dúró sẹ́yìn àga gbé ẹ̀rín mì. Ní àgọ́ ọlọ́pàá tiwọn, kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ gidi pe obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí. Sọ fún un pé òjò rọ̀, á ní kí ló fà á. Sọ fún un pé olè sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ, á ní kí ló fà á tí kò fi gba iwájú. Sájẹ́ǹtì náà kò ṣàìní orúkọ tirẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí àwọn ọkùnrin yòókù ṣe ń kun bàtà láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ lòun ń nu ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó fi há bẹ́líìtì. Ọwọ́ rẹ̀ a sì máa yá. Kí ọ̀gá rẹ̀ tó dé rárá lọ́jọ́ yìí, ó ti so awakọ̀ ilé-iṣẹ́ mọ́ àga nínú yàrá ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì.

"Awakọ̀ yẹn ni," Bàbá Onífe ní. "Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Kí ife tó kúrò níbí, a máa ń mú lára ẹ̀, a ó rọ omi sí i wò. Obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn kò tíì rí ẹyọ kan tó jò. Tó bá wá dé ṣọ́ọ̀bù, ó di asẹ́. Ta ló wà láàárín èmi àti ṣọ́ọ̀bù?"

"Awakọ̀," Sájẹ́ǹtì dáhùn kíá.

"Ẹ ṣeun! Ó ń ta ife gidi tèmi síbòmíì, ó ń fi gbàrọgùdù rọ́pò ẹ̀. Gbogbo àwọn tó wá pariwo lé mi lórí, apá ibi tí Jẹ́jẹ́ ń gbé ẹrù lọ ni wọ́n ti wá. Awakọ̀ kejì tó ń gbé tiẹ̀ kọjá afárá, ẹyọ ẹnì kan ò wá ṣàròyé láti ọ̀hún. Paríparí ẹ̀, Jẹ́jẹ́ kì í tètè dé ibi tó bá ń lọ. Kí ló ń ṣe lójú ọ̀nà?"

"Èmi ti sọ ọ́ tipẹ́," ẹnì kan wí láti ẹnu ilẹ̀kùn. Injinía ni, ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, àkísà tó kún fún epo wà léjìká rẹ̀, aṣọ ìnura tó mọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún itan àlejò. Ó ń súfèé bó ṣe ń nà án sí i. "Ẹ má wulẹ̀ fura sí ẹlòmíì, Màmá. Awakọ̀ ni."

Ìyá Kí-Ló-Fà-Á gba aṣọ ìnura, ó dúpẹ́. "Obìnrin tó ń yẹ ife wò ńkọ́? Ta ni?"

Bàbá Onífe rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Àyẹ̀wò là ń pè é. Ìyàwó Jẹ́jẹ́ ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Òun gan-an ló jẹ́rìí pé kò sí ife kan tó jò kúrò níbí. Ẹ wá sọ fún mi, ṣé ìyàwó á purọ́ kí wọ́n lè ti ọkọ ẹ̀ mọ́lé ni? Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, ó di kóòtù."

Ọ̀rọ̀ yìí ba Sájẹ́ǹtì nínú jẹ́ díẹ̀, ká má parọ́. Bí obìnrin náà bá yí ẹnu padà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn á sì pè é ní òpùrọ́. Bí kò bá yí i, ọkọ rẹ̀ ń lọ sẹ́wọ̀n. Àmọ́ òfin ni òfin.

Jẹ́jẹ́ dìde nígbà tí wọ́n wọlé, àga sì bá a dìde, nítorí pé wọ́n jọ wà nínú ìdè ni. Ìyá Kí-Ló-Fà-Á ní kó jókòó.

"Kí ló dé tí o kì í tètè débẹ̀?"

"Ife ni mo gbé, Mà. Tí mo bá sáré, gbogbo ẹ̀ á máa pariwo lẹ́yìn mi, àyà mi á máa já. Mo máa ń rọra lọ ni."

"Ṣé ọjọ́ kan wà tí o yára dé?"

Ọkùnrin náà ronú tinútinú. "Kò sí, Mà. Ọjọ́ ìgbéyàwó mi pàápàá, wọ́n dúró dè mí."

Ìyá Kí-Ló-Fà-Á bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n jáde, Sájẹ́ǹtì ní, "Ọ̀gá, ẹ ò gbọ́? Ó jẹ́wọ́ pé òun ń pẹ́."

"Mo gbọ́. Tó bá ń pẹ́ lójoojúmọ́, tí ife sì ń jò lójoojúmọ́, ọjọ́ wo la fẹ́ fi wé ọjọ́ wo? Tó bá ní ọjọ́ tó yára, tí ife ọjọ́ yẹn ò jò, a ti rí nǹkan dì mú. Báyìí, àpẹ́dé ẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún wa ju pé ó ń rọra wakọ̀ lọ." Ó na ọwọ́. "Mú fìlà ẹ wá."

Fìlà méjì ni wọ́n lò, ti Sájẹ́ǹtì àti ti ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Bàbá Onífe ń pe orúkọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń bá a rajà, Ìyá Kí-Ló-Fà-Á ń kọ ọ́ sára ègé ìwé kéékèèké. Ti ọ̀nà Jẹ́jẹ́ wọ inú fìlà kan, ti òdì kejì afárá wọ inú èkejì.

"Ọ̀gá," Sájẹ́ǹtì ní, "ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì níbí. Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀ ká rí àyè jókòó."

"Ìdí tí o fi fẹ́ ẹ ni pé ó sún mọ́ ẹ. Ṣé ife náà mọ̀ pé ó rẹ̀ ẹ́ ni? Di ojú ẹ, kí o mú ìwé."

Sájẹ́ǹtì di ojú, ó ń fi inú bẹ Ọlọ́run kó fún òun ní èyí tó wà nítòsí. Ọlọ́run kò dá sí i. Gbogbo èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mú ló jìnnà, ọ̀kan tiẹ̀ wà lórí òkè tí mọ́tò kò lè gùn.

Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ọkùnrin tó ń tajà sáré gbé ife tó wà lójútáyé fún wọn. Ìyá Kí-Ló-Fà-Á mi orí. "Rárá, ọ̀gbẹ́ni. Àwọn yẹn lo ti ṣà sókè kí wọ́n lè wu èèyàn rà. Tú páálí yẹn, mú ti ìsàlẹ̀, mú ti àárín, pò wọ́n pọ̀ kí a tó mú." Wọ́n rọ omi sí i. Èyí tó jò ju èyí tí kò jò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ṣọ́ọ̀bù kejì, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí òkè, níbi tí Sájẹ́ǹtì ti ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí wọ́n lé.

"Jẹ́jẹ́ ti dáràn," ó ní, nígbà tí èémí rẹ̀ padà.

"A ò tíì kọjá afárá."

Wọ́n kọjá afárá. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́hùn-ún ti gbé ife náà sójú fèrèsé, ó sì ti kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí: IFE PẸ́ŃSÙLÙ.

"Pẹ́ńsùlù kẹ̀?" Sájẹ́ǹtì béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé omi ló máa dúró nínú ẹ̀ ni?" obìnrin náà fèsì. "Mo ní kí n dá wọn padà, mo wá rò ó pé ọkọ̀ méjì ni màá wọ̀. Ta ni màá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún? Mo bá yí orúkọ wọn padà. Àwọn ọmọ iléèwé ti ń rà á dáadáa."

Wọ́n rọ omi sí ife rẹ̀ náà, wọ́n rọ ọ́ sí ti ṣọ́ọ̀bù kejì tó wà lọ́hùn-ún. Bí ti ọ̀nà Jẹ́jẹ́ ṣe ń jò ni tiwọn náà ń jò, kò sí èyí tó sàn jù.

Sájẹ́ǹtì ṣí fìlà, ó họ orí. "Jẹ́jẹ́ kò sì dé ibí rí."

"Kò dé ibí rí. Àwọn tó wá pariwo nìkan ni Bàbá Onífe gbọ́ tiwọn. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ sún mọ́ ló wá. Àwọn tó jìnnà ti ta tiwọn fún pẹ́ńsùlù. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Kó ife yìí sínú àpò, ká máa lọ."

Ní ọ̀nà àbọ̀, ọwọ́ Sájẹ́ǹtì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Tí kì í bá ṣe ọkọ, ìyàwó ni. Ilé-iṣẹ́ ni ife ti ń jò, obìnrin yẹn sì ń sọ pé kò jò. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ṣebí?

Wọ́n bá Ìyá Àyẹ̀wò lórí àga gíga lẹ́nu ẹ̀rọ, garawa omi wà níwájú rẹ̀, apá ẹ̀wù rẹ̀ méjèèjì ti rẹ. Ẹ̀rọ náà tóbi tó yàrá kan. Kẹ̀kẹ́ ńlá kan ló dùbúlẹ̀ tó ń yí níbẹ̀, mọ́ọ̀dù ife sì tò yí i ká. Rọ́bà gbígbóná á dà sínú mọ́ọ̀dù, á tutù, mọ́ọ̀dù á la ẹnu, ife á bọ́ sílẹ̀. Agogo kékeré kan wà lókè tó ń dún gbáà lẹ́ẹ̀kan tí kẹ̀kẹ́ bá yí po. Injinía ló gbé e síbẹ̀ láti fi mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ kò há.

"Mo mọ ohun tí ẹ wá bi mí," obìnrin náà ní kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ojú rẹ̀ wú. "Gbogbo wọn ló ń sọ fún mi pé, sọ pé ife ń jò kí wọ́n tú ọkọ ẹ sílẹ̀. Mi ò rí i kó jò, Mà. Ṣé kí n wá purọ́ ni?"

"Má purọ́. Báwo lo ṣe ń mú èyí tí o ń yẹ̀ wò?"

"Mi ò kì í fi ojú ṣà á. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní ojú a máa ṣe ojúsàájú, èyí tó bá dán lojú máa ń mú. Ó ní kí n máa dúró de agogo. Tí agogo bá ti dún, èyí tó bá bọ́ sílẹ̀ ni kí n mú, ìbáà dán, ìbáà má dán. Mi ò yẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ lọ́jọ́ kan."

"Ìyá yẹn gbọ́n," Ìyá Kí-Ló-Fà-Á ní. Ó dúró síbẹ̀. Agogo dún, obìnrin náà mú ife, ó rọ omi, kò jò. Agogo tún dún. Kò jò. Sájẹ́ǹtì wo ọwọ́ obìnrin náà títí bóyá á rí mágòmágó kan, kò rí nǹkan kan.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kó ife tí wọ́n ti yẹ̀ wò lọ sórí tábìlì kan ní kọ̀rọ̀. Ó ń fi àtàǹpàkò ra etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójijì ló dúró.

"Sájẹ́ǹtì, fọwọ́ kàn án níbí."

Sájẹ́ǹtì fọwọ́ kàn án. Kókó kékeré kan wà létí ife náà, ó kéré ju orí abẹ́rẹ́ ìrànṣọ lọ. Ó mú òmíràn, kókó wà níbẹ̀. Gbogbo èyí tó wà lórí tábìlì ló ní kókó, ojú kan náà. Wọ́n tú àpò ife tí wọ́n kó láti ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó ní kókó nínú wọn kò pọ̀ rárá, nínú àwọn tó sì ní in, kò sí ẹyọ kan tó jò.

"Kí ló fà á?" Sájẹ́ǹtì béèrè, ó sì yà á lẹ́nu pé ẹnu òun lọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Ọ̀gá rẹ̀ rẹ́rìn-ín bí ẹni rí ogún gbà. "Mọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló bí gbogbo wọn! Wò ó: kẹ̀kẹ́ yí po lẹ́ẹ̀kan, agogo dún lẹ́ẹ̀kan. Ìgbàkígbà tó bá dún, mọ́ọ̀dù kan náà ló máa wà lẹ́nu ibẹ̀. Obìnrin yẹn rò pé gbogbo ife lòun ń yẹ̀ wò, ọmọ ẹnì kan ló ń rí. Ó dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé kan náà lójoojúmọ́, tó wá ń sọ pé ara gbogbo àdúgbò yá."

"Kò purọ́ nígbà náà."

"Kò purọ́ rárá. Ojú ẹ̀ kò ṣojúsàájú. Agogo ló ń bá a ṣe é."

Sájẹ́ǹtì ronú. Ayọ̀ rẹ̀ kò tíì kún. "Ọ̀gá, ta la wá máa mú?"

"Bóyá kò sẹ́ni tó ṣe é. Mọ́ọ̀dù lè gbó, kó jẹ́ pé ẹyọ kan yẹn ló ṣì ń gbádùn. Tàbí kó jẹ́ pé ẹnì kan mọ ohun tí agogo ń ṣe, tó sì ń jẹ lábẹ́ ẹ̀. Nǹkan kan péré la máa yí padà. Gbogbo ohun tó kù, omi, garawa, obìnrin yẹn, rọ́bà, kí ó wà bó ṣe wà. Tí nǹkan bá yàtọ̀, a ó mọ ohun tó fà á. Tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti lọ jẹun, wá bá mi di àkàbà mú."

Wọ́n lọ jẹun, ẹ̀rọ sì dákẹ́. Ìyá Kí-Ló-Fà-Á kì í ṣe obìnrin tín-ín-rín, àkàbà náà sì ti dàgbà. Sájẹ́ǹtì fi gbogbo ara dì í mú, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbàdúrà fún àkàbà, fún ọ̀gá rẹ̀, àti fún orí ara rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, ọ̀gá tú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lu agogo, ó sún un síwájú bí àyè mọ́ọ̀dù kan, ó sì dè é padà.

"Etí rẹ dà?" ó ní nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. "Tí wọ́n bá dé, má wo agogo. Má tiẹ̀ gbójú sókè. Ojú àwa tí a mọ̀ lè kọ́ àwọn tí kò mọ̀. Ojú èèyàn ni kí o máa wò."

Gbogbo wọn ló pé síwájú ẹ̀rọ nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bàbá Onífe wà níbẹ̀, Injinía ń súfèé, wọ́n mú Jẹ́jẹ́ wá pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá Àyẹ̀wò kò wo ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀. Agogo dún gbáà. Ó mú ife, ó rọ omi sí i.

Omi ṣàn gba ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Yéè!" Ó ju ife náà nù. Agogo dún, ó mú òmíràn. Ó jò. Agogo tún dún. Ó jò, ó jò bí ẹni ń ṣe é fún un.

Sájẹ́ǹtì ń wo ojú èèyàn bí wọ́n ṣe rán an. Bàbá Onífe ranjú mọ́ omi tó wà nílẹ̀. Ìyá Àyẹ̀wò ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń wo ìyàwó rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ife. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò wo ife rárá. Ìfé tó ń sú dúró lẹ́nu rẹ̀, orí rẹ̀ gba òkè lọ tààrà, ó fa sípánà yọ lápò, ó sì kọjú sí àkàbà.

"Injinía," Ìyá Kí-Ló-Fà-Á pè é jẹ́jẹ́, "níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ tún agogo yẹn ṣe, Màmá. Ó ti yẹ̀."

"Ó yẹ̀ báwo? Ó dún bó ṣe máa ń dún. Ife ló ń jò. Kí ló pa agogo pọ̀ mọ́ ìdí ife?"

Injinía yáa dá sípánà padà sápò. Àkísà bọ́ léjìká rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Bàbá Onífe fúnra rẹ̀ ló pariwo pé kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró.

Nígbà tí wọ́n tú mọ́ọ̀dù, ọ̀kan wúwo, idẹ gidi ni. Gbogbo èyí tó kù fúyẹ́, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kùn ní àwọ̀ idẹ. Injinía ti ń tú wọn díẹ̀díẹ̀, ó ń tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ọ̀kan tó wà lẹ́nu agogo nìkan ni kò fọwọ́ kàn.

"Mo mọ̀ pé obìnrin yẹn ò ní yẹ̀ kúrò lórí agogo," ó ní, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀. "Olóòótọ́ ni. Ká ní ó ń ṣe màdàrú ni, ọwọ́ ẹ̀ á ti bá mi tipẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí bí Sájẹ́ǹtì nínú ju olè tó jà lọ. Ó fa ọwọ́ sí ìdí bẹ́líìtì, ó bá òfìfo. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kan ṣoṣo ló ní láyé, ọwọ́ Jẹ́jẹ́ ló sì wà. Ó di dandan kó lọ tú u lọ́wọ́ aláìṣẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn kó tó rí èyí tó máa fi de ọ̀daràn. Kọ́kọ́rọ́ kọ́kọ́ kọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ sí i, òun náà mọ̀.

"Ẹ máa bínú, ẹ̀gbọ́n," ó sọ fún Jẹ́jẹ́.

Bàbá Onífe ń bẹ awakọ̀ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ìyá Kí-Ló-Fà-Á ní kó bẹ̀ ẹ́ dáadáa, kó sì fún mọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Kí wọ́n máa fa nọ́ńbà nínú àpò láràárọ̀ bí wọ́n ṣe fa orúkọ ṣọ́ọ̀bù nínú fìlà, kí ẹnikẹ́ni má lè mọ̀ ṣáájú èyí tí wọ́n máa yẹ̀ wò.

Sájẹ́ǹtì ń fa Injinía lọ sí ọkọ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn tọkọtaya náà lẹ́yìn garawa. Kò fẹ́ gbọ́, àmọ́ ó dẹ ẹsẹ̀.

"Ẹ bi mí," obìnrin náà ń sọ. "Ẹ bi mí ohun tó wà nínú yín."

"Ṣé o rò pé mo ṣe é?" Jẹ́jẹ́ ní.

Obìnrin náà fún omi kúrò lápá ẹ̀wù rẹ̀. "Mo rò ó. Ife mi kò jò. Tí kì í bá ṣe èmi, ta ló kù?"

Jẹ́jẹ́ mí kanlẹ̀. "Èmi náà mọ̀ pé mi ò pààrọ̀ nǹkan kan. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rò ó lórí àga yẹn pé ìwọ lo purọ́ mọ́ mi. Mo ti ń wá ohun tí mo ṣe fún ẹ."

Obìnrin náà wò ó, ẹnu rẹ̀ là. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́, ọkọ rẹ̀ bá a rín in, wọ́n rín in títí tí ẹ̀rín obìnrin náà fi di ẹkún. Ó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tútù tirẹ̀ ra ibi tí irin ti há a.

"Ṣé ó dùn yín?"

"Ó dùn mí," Jẹ́jẹ́ ní. "Kì í ṣe ọwọ́."

"Mo mọ̀," ó ní, kò sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀. "Tèmi náà kì í ṣe ọwọ́."